Kànga Ẹ̀rọ Méjì àti Owó-Orí Oṣù 14

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ típà wa wọlé wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó há láílọ́ọ̀nù dúdú kan mọ́ abíyá. Ó ní, "Ọ̀kún o, àǹtí." Mo ní, "Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó." Kò jókòó. Ó tú láílọ́ọ̀nù náà, ó sì ń to ìwé owó-oṣù rẹ̀ sórí tábìlì mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pàtẹ ata. Ọdún mẹ́ta ló fi kó wọn jọ, ẹyọ kan ò dín níbẹ̀. Eruku òkúta ti bo àwọn mìíràn débi pé ẹnu ni mo fi fẹ́ ẹ kúrò kí n tó rí nọ́ńbà ara wọn, nọ́ńbà tí èmi fúnra mi tẹ̀.

Ìlà kan náà ló ń fìka tọ́ka sí lórí gbogbo wọn: owó-orí tí a yọ.

"Àǹtí, ṣé ẹ yọ owó yìí àbí ẹ ò yọ ọ́?"

"A yọ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi sọ fún mi ní Lọ́kọ́jà pé àwọn ò gbúròó mi láti oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn?"

Ó fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀ ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní kó mú ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́jà, ó sùn sílé àna rẹ̀, ó tò sórí ìlà, títí akọ̀wé kan fi yí ojú kọ̀ǹpútà sí i pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Owó ni kò sí níwájú orúkọ náà.

Mo mọ ibi tí owó náà wà. Ó ti di dísẹ́ẹ̀lì, jẹnẹrétọ̀ sì ti mu ún tán.

Kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ Ìjùmú ni mí. Ọdún méje ni mo fi ṣe akáǹtáǹtì fún kúárì kan tó ń fọ́ òkúta ní ìwọ̀-oòrùn Kogí wa níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀; ọ̀gá mi àtijọ́ ṣì ń pè mí lásìkò ọdún, èmi sì ni ìyá ìsàmì ọmọ rẹ̀ kékeré. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Oṣù kan ni dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, àwọn kọngílá tó jẹ wá lówó ò tíì san án, ó wá ní kí n má tíì fi owó-orí àwọn òṣìṣẹ́ ránṣẹ́, pé tí owó bá ti wọlé a ó dí i. Mo gbà. Oṣù kejì tún rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, kò sọ ọ́ mọ́, èmi náà ò bèèrè mọ́. Ó ti di àṣà.

Nínú oṣù mẹ́rìnlá yẹn kan náà la gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kejì fún ìlú. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kà lọ́jọ́ náà. A ta kánópì, a pín fìlà, a pa màlúù kan, àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọrin, kábíyèsí gé ríbọ́nnì, omi tú jáde, ó mọ́ gaara. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ìyá mi wà lára àwọn tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni báǹkì dé. Ọ̀gá fẹ́ yá owó láti fi ra ẹ̀rọ ìfọ́kùúta tuntun. Láti ọdún 2012 ni CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé kí àwọn báǹkì máa wo ohun tí owó wọn máa ṣe sí àyíká àti sí ará ìlú kí wọ́n tó yá ènìyàn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ni mo ti kọ́kọ́ rí lẹ́tà mẹ́ta tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn báyìí: ESG. E ni àyíká: eruku, omi, ilẹ̀, afẹ́fẹ́. S ni àwọn ènìyàn, òṣìṣẹ́ àti ará ìlú tó gbà wá lálejò. G ni ìṣàkóso: ta ló ń pàṣẹ, ta sì ló lè bi í léèrè.

Mo jókòó, mo kọ ìròyìn ogún ojú ìwé. Fọ́tò kànga ẹ̀rọ ni mo fi ṣe èèpo. Mo kọ nípa igi tí a gbìn, bàtà àti akoto tí a rà fún àwọn òṣìṣẹ́, sukọ́láṣípù ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí mo dé orí owó-orí, ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ: pé ilé-iṣẹ́ wa ń tẹ̀lé gbogbo òfin tó jẹ mọ́ owó-orí. Ọwọ́ yìí náà ló kọ ọ́. Báǹkì ní ìròyìn wa dára.

Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà lórí tábìlì lọ́jọ́ tí awakọ̀ yẹn wọlé, kànga ń dán lójú ìwé. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àyè lè gba ìwé owó-oṣù rẹ̀.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, ní oko kòkó àti kọfí, àtìpó mẹ́ta sì ń dáko lórí ilẹ̀ wa. Iṣu ni wọ́n fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀kan nínú wọn mọ iṣẹ́ ọdẹ gan-an. Kò sí ọdún tí kì í gbé itan ẹran ìgbẹ́ wá, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti àwàdà. Bàbá mi á gba ẹran náà, wọ́n á yìn ín, wọ́n á ní kí ìyá mi gbé e wọlé. Wọ́n á wá yọjú wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà bíi pé nǹkan kan ṣì ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á ní: "O ṣé o. Iṣu ńkọ́?"

A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wa nílé. Tí ẹnìkan bá gbé ẹ̀bùn wá tí kò sì ṣe ohun tí a rán an, á di "Iṣu ńkọ́?" Ọjọ́ tí awakọ̀ yẹn dúró níwájú mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi dáadáa. Ẹran ìgbẹ́, ẹni tó ń fúnni ló yan ọjọ́, òun ló yan ìwọ̀n, òun ló yan ẹni tó máa gbà á, a sì tún gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Iṣu, àdéhùn ni. A ti mọ iye rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kò sì sí ẹni tó ń patẹ́wọ́ nítorí pé ẹnìkan san án. Ẹran ìgbẹ́ ni kànga wa.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ panilẹ́rìn-ín, owó-orí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka orí ọkùnrin ìlú kọ̀ọ̀kan ló ti wá. Ilé-iṣẹ́ ò ní orí. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti yọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo mọ̀ tí mi ò kọ sínú ìròyìn ni pé kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo owó-orí tó wà nínú ìwé wa ń lọ. Owó-orí èrè ilé-iṣẹ́, Àbújá ló ń lọ. Láti ọdún 2020 títí di ìparí ọdún 2025, bí owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ lọ́dún kò bá ju ₦25 mílíọ̀nù, kì í san nǹkan kan. Láti ibẹ̀ dé ₦100 mílíọ̀nù, ó ń san 20% èrè rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ń san 30%. Àwa wà lára àwọn tó ń san 30%. Owó náà á bọ́ sínú àpò àjùmọ̀ní, wọ́n á wá pín in: ìjọba àpapọ̀ á mú 52.68%, gbogbo ìpínlẹ̀ á pín 26.72%, ìjọba ìbílẹ̀ 774 á pín 20.60% tó kù. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin ní kó padà síbi tí ohun àlùmọ́ọ́nì ti jáde, kò kan owó-orí èrè. Nítorí náà, èrè tí òkè ẹ̀yìnkùlé wa bí á dé Sókótó, á dé Yenagoa, èyí tó bá já bọ́ sí Ìjùmú kò lè kún àtẹ́lẹwọ́. Mi ò ní ó burú. Bí owó epo Yenagoa náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

Owó ẹ̀kọ́ tún wà lọ́tọ̀. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni tipẹ́tipẹ́ kó tó di 2.5%, ní 2023 ó di 3%. Òun ni TETFund, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, fi ń kọ́ ilé sí àwọn iléèwé gíga tó jẹ́ ti ìjọba. Ẹ rìn wọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ó rí orúkọ TETFund gàdàgbà lára ògiri. Mi ò tíì rí ilé tí wọ́n kọ sí lára pé owó-orí èrè ló kọ́ ọ. (Láti 1 January 2026, òfin tuntun ti kó owó ẹ̀kọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan pọ̀ di owó ìdàgbàsókè kan, 4%. FIRS, àjọ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀, náà ti pa orúkọ dà. Àwọn tó jókòó sídìí rẹ̀ lè ṣàlàyé ìyẹn jù mí lọ.)

Ti òṣìṣẹ́ ló wá yàtọ̀. Owó-orí tí a ń yọ lára owó-oṣù, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni ín. Ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e ló gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn. Nínú gbogbo ohun tí kúárì yẹn ń san, òun ló ń dúró sílé jù: Lọ́kọ́jà ló ń lọ, Lọ́kọ́jà ló sì yẹ kó ti padà wá di ọ̀nà, di oògùn ní ilé ìwòsàn ìlú. Òun gan-an la fi ń ra dísẹ́ẹ̀lì. Kì í sì í ṣe owó wa. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi owó-orí èrè rẹ̀ pamọ́, ó fi gbèsè tirẹ̀ pamọ́ ni. Èyí tí a yọ lápò awakọ̀, tí a tẹ nọ́ńbà rẹ̀ fún un lórí ìwé pé a ti bá a san án, mo wá orúkọ tó fẹ́lẹ́ fún un títí, mi ò rí.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà, ọ̀dítọ̀ wa fún mi ní ẹ̀kọ́ kan tí mi ò lè gbàgbé. Mo ti kó gbogbo ìnáwó ọjọ́ kànga, kánópì, fìlà, màlúù, sí abẹ́ ìnáwó iṣẹ́ kí èrè lè kéré, kí owó-orí náà lè kéré. Ó gbé jígí rẹ̀ sókè, ó ní, "Màdáámù, màlúù wo ló ń bá yín fọ́ òkúta?" Òfin ní kí ìnáwó tí a máa yọ kí a tó ṣírò owó-orí jẹ́ èyí tí a ná pátápátá fún iṣẹ́ tó mú owó wá. Ẹ̀bùn náà ní ààyè tirẹ̀, àmọ́ àwọn àjọ tí òfin dárúkọ nìkan ni, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè lọ. Ó yọ màlúù náà kúrò.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Bí òfin bá gba ẹ̀bùn kan wọlé, kọ́bọ̀ 30 nínú náírà kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ 30% ná lé e lórí, owó tí ì bá lọ sínú àpò ìjọba ni. Ará ìlú ti fi nǹkan sí ẹ̀bùn tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Nípa ti àyíká, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ọdún 2007 ní kí kúárì bá ìlú tó wà ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ tí a ó fi tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí a bá ti gbẹ́ ẹ tán. A ṣe àdéhùn náà, ó wà nínú fáìlì. Ìyá kan tó ní oko kajú lẹ́bàá ọ̀nà típà wa sọ ohun tí àdéhùn náà kò sọ. Ìgbà ọyẹ́ ni kajú máa ń tanná, ìgbà yẹn náà ni eruku wa máa ń pọ̀ jù. Ó fa ẹ̀ka kan wálẹ̀ níwájú mi, ó gbọ̀n ọ́n, eruku funfun dà sí mi lára aṣọ bí ìyẹ̀fun èlùbọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, omi kànga yín dùn o. Àmọ́ ṣé ẹ fẹ́ kí n máa fi wẹ òdòdó kajú lọ́kọ̀ọ̀kan ni?"

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ owó-orí òṣìṣẹ́ lọ bá ọ̀gá, kò jiyàn. Ọwọ́ ló nà sókè, ó ń ka ìka. "Ìwé ìjọba ìbílẹ̀, mo rà á. Owó ìkẹ́rù, mo san án. Àwọn ọmọ tó na okùn sójú ọ̀nà ní oríta, ẹ̀ẹ̀mẹta kí típà kan tó dé Kàbà. Àwọn tó mú pákó oníṣòó dání, ṣé àwọn yẹn fún mi ní rìsíìtì? Mo ti san owó-orí mi lójú ọ̀nà!" Ó sinmi díẹ̀. "Bí mo bá fi mílíọ̀nù márùn-ún ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́jà, ṣé ẹnìkan á wá tún afárá tí ọkọ̀ mi ń gbà ṣe? Bí mo bá fi mílíọ̀nù márùn-ún gbẹ́ kànga, ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe? Wọ́n á fi mí joyè."

Wọ́n sì fi í joyè lóòótọ́.

Mi ò ní èsì fún un lọ́jọ́ náà. Títí di òní, ìdajì èsì ni mo ní. Ohun tó ń sọ kì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá ń san iṣu fún onílẹ̀ tí kì í bójú wo oko, á rọrùn fún un láti kúkú gbé ẹran lọ fún ìyàwó onílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó san owó fún ọlọ́kùn ojú ọ̀nà, ìbẹ̀rù ló san. Kò sí ẹni tó lè gbé ìyẹn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ kankan, kó ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún òun.

Ohun tó fún mi ní ìdajì èsì yẹn ni ọ̀nà Ọbájánà sí Kàbà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà náà láyé àtijọ́ mọ bí kòtò ṣe ń gbé takisí mì, bí tírélà ṣe máa ń ṣubú dínà, tí gbogbo wa á sọ̀ kalẹ̀ máa ra gúgúrú jẹ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Báyìí, kọnkéré ni, kìlómítà 43. Dangote, tó ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ọbájánà, ló ṣe é. Lọ́jọ́ kan tí mo wọ ọkọ̀ láti Lọ́kọ́jà, awakọ̀ náà tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó ní, "Oore tí Dangote ṣe wá yìí, Ọlọ́run nìkan ló lè san án fún un."

Mi ò lè pa ẹnu mọ́. Iṣẹ́ mi ni. Mo ní kì í ṣe oore, owó-orí ni. Ìjọba ní ètò kan tí ilé-iṣẹ́ fi lè ná owó ara rẹ̀ sórí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n sì máa yọ iye tó ná díẹ̀díẹ̀ lára owó-orí èrè tó yẹ kó san. Àṣẹ keje tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 25 January 2019 sọ ètò náà di ọlọ́dún mẹ́wàá, ó tilẹ̀ fi èlé kún un fún ilé-iṣẹ́: iye èlé tí CBN bá là sílẹ̀, pẹ̀lú ìdá méjì lé e. Mo ní, "Owó wa ni wọ́n fi ṣe é. A kàn gba ọwọ́ wọn ná an ni."

Awakọ̀ wò mí nínú dígí bíi pé mo bú bàbá rẹ̀. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Ó dáa, ọmọ mi. Tó bá jẹ́ owó wa, ta ló wá yan ọ̀nà náà?"

Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kẹta: "Tí wọ́n bá bi ará Mọ̀pà àti ará Ìsánlú, ṣé ọ̀nà yìí ni wọ́n máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, àbí èyí tó wá dé ọ̀dọ̀ wọn? Ọ̀nà tí tírélà sìmẹ́ńtì ń gbà rèé. Mi ò bínú sí i o. Mo jókòó sórí rẹ̀, ìdí mi ò dùn mí. Mo kàn ń béèrè ni."

Ìbéèrè bàbá yẹn jinlẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo kà nípa ESG lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú ọ̀nà kọnkéré yẹn àti kànga wa, ọ̀nà ni màá mú. Kì í ṣe nítorí pé ó tóbi. Iye tí wọ́n ná wà nínú ìwé ìjọba, ìjọba mọ iye tó jẹ, bàbá náà sì lè jókòó sẹ́yìn takisí kó béèrè ẹni tó yàn án. Ta ló máa béèrè ẹni tó yan ibi tí a gbẹ́ kànga wa sí? Ẹ̀gbẹ́ ilé olóyè kan ni a gbẹ́ ẹ sí, gbogbo wa mọ ìdí rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn ni.

Lọ́kọ́jà tí mo ń dárúkọ ṣáá yìí, kọ́ńpìnì ló jókòó síbẹ̀ nígbà kan tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Royal Niger Company ni. Ní 1886 ni ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní ìwé àṣẹ, wọ́n ń gba owó ibodè lórí ọjà tó ń gba odò Ọya kọjá, wọ́n kó sọ́jà tiwọn jọ sí Lọ́kọ́jà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ wọn, £865,000 ni wọ́n san fún wọn, Lugard sì ta àsíá sókè ní Lọ́kọ́jà ní 1 January 1900. Mo máa ń rántí ìyẹn tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ ló mọ bí a ṣe ń tún ìlú ṣe ju ìjọba lọ. A ti dán an wò níbí.

Bí ọ̀rọ̀ awakọ̀ wa ṣe parí kò yẹ mí. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò jáde lásìkò. Ẹlòmíràn ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Mi ò sì ní sọ pé akin ni mí. Ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí Lọ́kọ́jà, àwọn yẹn kọ ìwé sí wa pé àwọn ń bọ̀ wá yẹ ìwé wa wò, ìgbà náà ni ara gbogbo wa tó yá gágá. Mo ṣírò gbèsè náà: owó oṣù mẹ́rìnlá, ìtanràn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èlé lé e lórí. Ọ̀gá wo àpapọ̀ rẹ̀, ó ní, "Kànga kẹta nìyí." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi san án tán.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún un pé mi ò ní kọ ìlà kan ṣoṣo lórí owó-orí mọ́. Mo ti rí i pé àwọn tó ń ṣe òṣùwọ̀n irú ìròyìn yìí lágbàáyé, GRI, ti gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní 2019 lórí owó-orí nìkan, nọ́ńbà rẹ̀ ni 207. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ sọ iye tó pa àti iye tó san ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ owó-orí wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ àwọn aláṣẹ. Òkè kan ṣoṣo ni tiwa, a ò ní Jámánì a ò ní Dubai, àmọ́ mo mú èrò inú rẹ̀. Mo ṣe tábìlì ojú ìwé kan ní Yorùbá: owó-orí èrè, Àbújá, iye báyìí, owó ẹ̀kọ́, iye báyìí, owó òkúta tí a gbẹ́, iye báyìí, owó-orí òṣìṣẹ́, Lọ́kọ́jà, iye báyìí. Mo fa ìlà nílẹ̀ gbọọrọ, mo wá kọ ẹ̀bùn sábẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Owó omi tí a ń wọ́n sójú ọ̀nà nígbà ọyẹ́, abẹ́ iṣẹ́ ni mo kọ ọ́ sí, mi ò kọ ọ́ sí abẹ́ ẹ̀bùn.

Ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní tí àwọn ọmọ bá rí iye yẹn, wọ́n á ní owó wà, wọ́n á wá jókòó sí géètì. Wọ́n wá lóòótọ́, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó. Ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ sí i ná, mo sì ti lẹ ọ̀kan mọ́ géètì, mo lẹ ìkejì mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo yà síbẹ̀ bí mo ṣe ń lọ sọ́jà. Òjò ti wọ etí ìwé náà. Ẹnìkan ti fi bírò fa ìlà méjì sábẹ́ iye owó-orí òṣìṣẹ́, ó wá kọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Èyí tó dé Lọ́kọ́jà ńkọ́?"

Mo mọ ọwọ́ náà. Oṣooṣù ló fi ń buwọ́ lùwé níwájú mi kó tó gba owó.